Ìbẹ̀wò Wa sí Ìlú Àtijọ́ Lórí Òkè Ìdànrè

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ wá lọ́kàn. Ọmọ tí a bí sí Àkúrẹ́, tí a sì tọ́ dàgbà níbẹ̀, a máa dárúkọ àwọn òkè ilẹ̀ òkèèrè láìṣì kan, ṣùgbọ́n bí a bá bi í pé kí ni ń bẹ lórí àpáta Ìdànrè, ilẹ̀ ni yóò máa wò. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀nà jíjìn. Àwa tí a fi Alágbàká ṣe ibùgbé, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà, sún mọ́ ohun àtijọ́ ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ̀ lọ. Ààfin àtijọ́ ti Déjì ń bẹ ní àárín ìlú pẹ̀lú àwọn àgbàlá rẹ̀. Ihò Eléérú ń bẹ ní ìhà Ìsàrun, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ti wa ilẹ̀ ní ọdún 1965, tí wọ́n sì rí egungun ènìyàn kan tí ó ti pẹ́ ju 11,000 ọdún lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ìwé fi ń kọ orúkọ ihò náà ní Iwo Eleru, bí ẹni pé ẹrù ni a ń sọ, nígbà tí ó jẹ́ pé eérú ni àwọn onílẹ̀ ń wí.

Ṣùgbọ́n Òkè Ìdànrè ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ọ̀nà rẹ̀ láti Alágbàká kò tó 30 kìlómítà, oko kòkó sì wà ní ọ̀tún àti ní òsì bí a ti ń sún mọ́ ìlú náà. Lójijì ni àpáta yọ sí wa, kì í ṣe ẹyọ kan, bí kò ṣe ọ̀wọ́ọ̀wọ́, tí àwọn ilé inú ìlú sì dà bí àgbàdo tí a dà sí ẹsẹ̀ erin. Àwọn tí ó mọ̀ nípa òkúta sọ pé àpáta wọ̀nyí ti wà ju 500 mílíọ̀nù ọdún lọ. Ìtàn ẹnu ní tirẹ̀ sọ pé àwọn tí ó kọ́kọ́ rí wọn kígbe pé, “Ìdán rè é!”, àti pé láti inú igbe náà ni orúkọ ìlú ti jáde.

Orí òkè náà ni àwọn baba ńlá Ìdànrè tẹ ìlú dó sí. Ùfẹ̀kè ni wọ́n ń pè é, èyíinì ni Ifẹ̀ ti orí òkè, nítorí wọ́n gbà pé Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ogun kì í fi bọ̀rọ̀ gun irú ibẹ̀. Nígbà tí ogun tán, tí oko kòkó àti ọ̀nà ọjà sì wà ní ìsàlẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1920, títí ìlú òkè fi dá páropáro.

Ìyá tí ó bí ọ̀kan nínú wa jẹ́ ọmọ Ìdànrè. Ó ti lé ní ọmọ 80 ọdún. Ìsàlẹ̀ ni a bí i sí, ṣùgbọ́n orí òkè ni ìyá tirẹ̀ ti ṣe wúńdíá, ó sì mú un gun òkè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà èwe rẹ̀ láti fi ibi tí ilé wọn wà hàn án. Nígbà tí a sọ fún un pé a fẹ́ mú àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ ní ìsinmi oṣù Kẹjọ, ó ní òun yóò bá wa lọ. A bẹ̀ ẹ́ títí pé kí ó jókòó sílé, nítorí orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu, òjò a sì máa mú kí òkúta yọ̀. Ó dáhùn pé, “Bí ẹsẹ̀ mi kò bá gbé mi dé òkè, yóò gbé mi dé ibi tí ẹnu mi yóò ti ràn yín lọ́wọ́.” Kí ni ènìyàn yóò fi dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lóhùn?

Àtẹ̀gùn tí a fi ń gun òkè náà ju 600 lọ. Àwọn ọmọ wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ń kà á, kò sì sí iye méjì tí ó bára mu nínú ohun tí wọ́n kà. A ti ṣe ibi ìsinmi sí ojú ọ̀nà, kí àwọn tí èémí wọn kúrú lè jókòó. Ẹni tí ó bá ti ka ìwé olóògbé D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní ìpínlẹ̀ wa yìí, kò lè ṣàì rántí àwọn ọdẹ tí ó ń lọ sí Òkè Lángbòdó. Àbíkẹ́yìn wa ń bi wá ní gbogbo ìgbà pé níbo ni àwọn iwin wà.

Ibi ìsinmi kejì ni Ìyá àgbà dé. Ó jókòó, ó sì ní ó tó. Kò banú jẹ́, tàbí bí ó bá banú jẹ́, kò jẹ́ kí a rí i. Ó pe àwọn ọmọ sọ́dọ̀, ó ní, “Bí ẹ bá jáde ní ààfin, ẹ kọ ojú sí àpáta tí ó dà bí ẹni tí ó tẹrí ba. Ẹ ó rí òkúta pẹrẹsẹ kan tí ó ní ihò mẹ́ta. Níbẹ̀ ni àwọn obìnrin ilé wa ti ń lọ nǹkan. Ihò àárín ni ti ìyá mi.” Ọ̀kan nínú wa dúró tì í, àwọn yòókù sì ń lọ sókè.

Ìlú òkè kò rí bí àwọn ọmọ ti rò. Wọ́n ti ń retí odi gíga bí èyí tí wọ́n ń rí nínú àwòrán ilẹ̀ òyìnbó, ṣùgbọ́n ilé amọ̀ ni wọ́n bá, púpọ̀ nínú wọn ti di òkìtì tí koríko bò. A rí ààfin àtijọ́ ti Ọwá, a rí ilé ẹjọ́, a rí ilé agogo, a sì rí ibi tí ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ wà. Ilé amọ̀ kò bẹ̀rù oòrùn, omi ni ọ̀tá rẹ̀. Bí òrùlé bá ti lọ, ìwọ̀nba òjò ọdún díẹ̀ ni ó kù fún ògiri. Ní ọdún 2007 ni ilẹ̀ Nàìjíríà fi orúkọ Òkè Ìdànrè sí ìwé àwọn ibi tí ó ń retí kí àjọ UNESCO kà wọ́n mọ́ ohun-ìní gbogbo ayé, ọdún méjì lẹ́yìn tí a ti gba Igbó Ọ̀ṣun ti Òṣogbo wọlé. Ohun iyì ni, ṣùgbọ́n ní tiwa, a rò pé òrùlé ṣáájú ìwé.

A fi ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn hàn wá nínú àpáta, èyí tí wọ́n sọ pé ó bá ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn mu, àfi ti àjẹ́. Àwa kò gbà irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́, ṣùgbọ́n a kíyè sí i pé àwọn àgbàlagbà tí ó wà níbẹ̀ ní ọjọ́ náà ń wo ara wọn kí wọ́n tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù lọ ni ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ kan tí a kò tíì rí níbòmíràn ní gbogbo ayé ju àpáta Ìdànrè lọ. Inú omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ń ṣàn lójú òkúta ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà. Ó ti tó nǹkan bí 40 ọdún tí àwọn onímọ̀ kò fi ojú kàn án, kí wọ́n tó tún rí i ní ọdún 2013.

Ní ilẹ̀ Faransé, àwọn olùfẹ́ ìrìn a máa fi ọ̀dà funfun àti pupa kun òkúta àti igi ní ojú ọ̀nà abúlé, tí àlejò fi lè rìn láti ìlú dé ìlú láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Lórí Ìdànrè, amọ̀nà ni ọ̀dà tiwa. Èyí tí ó mú wa yí ká jẹ́ ẹni tí ó ti lé ní ọmọ 60 ọdún. Ó mọ agboolé tí òkìtì kọ̀ọ̀kan í ṣe, kò sì sí ohun kan nínú rẹ̀ tí a kọ sí ara òkúta. A bi í léèrè bí ó bá ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń kọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ọ̀dọ́ ń bẹ ní Àkúrẹ́ àti ní Èkó.

Nígbà tí a ṣàlàyé òkúta Ìyá àgbà fún un, ó ronú díẹ̀, ó sì yà kúrò ní ojú ọ̀nà, a tẹ̀lé e láàárín koríko tí ó ga dé ìbàdí. Àpáta tí ó tẹrí ba wà níbẹ̀ lóòótọ́. A wá a fún ìgbà pípẹ́, oòrùn sì ti ń yẹ̀. Àkọ́bí wa ni ó fi igi gbá koríko sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ó sì kígbe. Òkúta náà nìyẹn, pẹrẹsẹ, ihò mẹ́ta lórí rẹ̀, tí ti àárín jìn ju àwọn yòókù lọ. Ọmọ náà ki apá bọ̀ ọ́ láti mọ bí ó ti jìn tó, ó sì di ibi tí ó dé lára apá rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ kejì, kò sì tú u sílẹ̀ títí a fi sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyá náà.

Ìyá àgbà wo apá ọmọ náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó bi í pé, “Omi ha wà nínú rẹ̀ bí?”

Ó ní, “Omi wà nínú rẹ̀, Ìyá àgbà. Omi òjò ni.”

“Ó dára,” ni ó wí. Ó na ọwọ́ sí wa kí a fà á dìde, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí orúnkún rẹ̀ ti fẹ́.