Báńgà Tó Dákẹ́ Kò Tíì Kú

Ní London tí à ń gbé, bí November 5 bá ti ń súnmọ́lé ni àwọn ọmọ á ti máa béèrè báńgà. Wọ́n fi ọjọ́ náà ń rántí ọdún 1605, tí wọ́n ká Guy Fawkes mọ́ ibi tó ti ń ṣọ́ àgbá ẹ̀tù 36 lábẹ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 9, bi mí pé, “Mọ́mì, ta ló kun iná yẹn lọ́dà?” Yorùbá ni mo fi dá a lóhùn, torí ọ̀rọ̀ náà kò ga ju èdè wa lọ.

Mo ní kó fojú inú wo páálí róbótó bí ọsàn. Ẹ̀tù wà nídìí rẹ̀, ìyẹn ló ń gbé e jáde láti inú páìpù lọ sókè. Ẹ̀tù míì wà láàárín ikùn rẹ̀, ìyẹn ló ń fọ́ ọ tó bá dókè. Òwú ló so méjèèjì pọ̀. Tí ẹ̀tù ìdí bá gbiná, òwú náà á gbiná, á máa jó lọ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó kan ẹ̀tù àárín.

Yí ẹ̀tù àárín ká ni wọ́n to àwọn kóró kéékèèké sí. Àwọn tó ń ṣe é ń pè wọ́n ní ìràwọ̀. Strontium ló ń mú wọn pupa, barium ń fún wọn láwọ̀ ewé, bàbà ń fún wọn láwọ̀ aró. Bí wọ́n bá ṣe tò wọ́n sínú ni wọ́n á ṣe rí lójú ọ̀run.

Ẹ̀tù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Èédú, imí ọjọ́ àti potassium nitrate ni. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ń fún iná ní ọ́síjìn, ìdí nìyẹn tó fi lè jó nínú páálí tí wọ́n dì pa.

Èyí tí à ń rà ní ṣọ́ọ̀bù kéré ju ìyẹn lọ, àmọ́ ẹ̀tù àti òwú wà nínú tiẹ̀ náà. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tí ẹ bá tanná sí i tó dákẹ́, òwú lè ṣì máa jó nínú lọ́hùn-ún. Ẹ má padà lọ wò ó, ẹ má sì jẹ́ kọ́mọ lọ. Ọmọ tí a kàn sọ fún pé “má fọwọ́ kàn án” á fẹ́ mọ̀dí. Èyí tó mọ iṣẹ́ òwú, òun fúnra rẹ̀ ló máa fa àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn.