Ẹnu Ni Oníbàárà Fi Ń Nájà

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa èdè wa nínú ìpàdé ẹgbẹ́, oríkì, àlọ́, ẹsẹ̀ Ifá àti orin gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2001, nígbà tí àjọ UNESCO kéde gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ogún iyebíye gbogbo ayé, orí wa wú láti Kétu dé Àjàṣẹ́. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí aṣọ àríyá tí a ń yọ nínú àpótí lọ́jọ́ ọdún, èdè jẹ́ aṣọ iṣẹ́ pẹ̀lú. Òun ni a fi ń rà, tí a fi ń tà, tí a fi ń bi ẹni tí ó fẹ́ gba owó wa léèrè ìdí tí ó fi fẹ́ gbà á. Iṣẹ́ yìí ni ó ń bọ́ lọ́wọ́ èdè wa báyìí, a kò sì tíì pariwo rẹ̀ tó.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọjà. Kí rédíò tó dé ni ìyá ẹlẹ́kọ àti ìyá alákàrà ti mọ bí a ti ń fi ohùn dídùn polówó, tí ẹni tí ebi kò tilẹ̀ pa yóò fi yà sọ́dọ̀ wọn. Bí oǹtajà sì ti ní ẹnu láti polówó, bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà ní ẹnu láti nájà. Oǹtajà á dá iye lé e, oníbàárà á ní ó ti pọ̀ jù. Wọn á ṣàwàdà, wọn á bi ara wọn léèrè ilé àti ọmọ, iye náà á sì máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi fi ẹnu kò. Bí ó bá jẹ́ gàrí tàbí àgbàdo ni wọ́n wọ̀n, oníbàárà á dúró gba ènì rẹ̀. Bí owó kò bá pé, á rà á láwìn, àwọn méjèèjì á sì mọ iye tí ó kù àti ọjọ́ tí yóò san án. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí ó ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni. Ìyá tí kò mọ̀wé rárá lè fi èdè yìí gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀tàn.

Lónìí, ìpolówó ti dé orí rédíò, tẹlifísọ̀n àti fóònù. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá mọ agbára èdè wa dáadáa. Bí wọ́n bá fẹ́ ta ọjà fún ìyá wa, wọn á wá ẹni tí ohùn rẹ̀ dùn, tí ó gbọ́ Nàgó dénú, tí yóò fi òwe àti orin gbé e kalẹ̀. Èdè tí ìyá wa fi kọ́ wa bí a ti ń se ọbẹ̀ ni wọ́n fi sọ fún un pé irú rẹ̀ kò tó mọ́, pé láìsí kúùbù ọbẹ̀ kò lè dùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú kíláàsì wa báyìí tí òórùn irú ń tì lójú. Ẹnu wa ni wọ́n yá láti fi bu oúnjẹ wa kù.

Ṣùgbọ́n nígbà tí owó bá ti wọlé, èdè náà á yí padà. Ohùn tí ń pe oníbàárà ń sọ Nàgó. Ìwé tí yóò fọwọ́ sí, àlàyé ẹ̀yìn páálí, àti iṣẹ́ tí ń wọlé sórí fóònù rẹ̀, Faransé ni. Ẹ wo owó orí fóònù, tí tọmọdé tàgbà fi ń fi owó ránṣẹ́ láti Kútọnu sí Ṣábẹ̀ẹ́. Fóònù ìyá àgbà dún. Kò mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ó pe ọmọ ilé-ìwé kan ní àdúgbò, ó gbé fóònù fún un, ó sì sọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ sí i létí, nítorí kò rí ọ̀nà mìíràn. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí ó gbọ́ Faransé ni kọ́kọ́rọ́ àpótí rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà lè jẹ́ olóòótọ́. Síbẹ̀, ìyá tí ẹnikẹ́ni kò lè rẹ́ jẹ lọ́jà ti di ẹni tí ń gbára lé àánú ọmọ ọdún 14. Bọ́nọ́ọ̀sì tí wọ́n sì ń ṣèlérí fún un kò jọ ènì. Ènì tí a bá bù sí igbá ẹni ti di tẹni. Bọ́nọ́ọ̀sì lè parẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ní ọjọ́ kan, a gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ nínú kíláàsì, a sì ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ bí wọn yóò ti sọ ọ́ fún ìyá wọn àgbà. Gbogbo wọn ka Faransé rẹ̀ geere. Nígbà tí ó di Yorùbá, wọ́n ń kọsẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó le jù ni « frais », owó tí ilé-iṣẹ́ ń yọ nínú ohun tí a fi ránṣẹ́. Ẹnì kan ní « owó iṣẹ́ », ẹlòmíràn ní « owó ọ̀nà ». Ọmọ Kétu kan, tí ó ti gbọ́ ìtàn ẹnu ibodè Àkaba Ìdènà, dìde, ó ní: « Owó bodè ni. » Kíláàsì pa rọ́rọ́, lẹ́yìn náà wọ́n pàtẹ́wọ́. Owó tí oníbodè ayé àtijọ́ ń gbà lọ́wọ́ oníṣòwò tí ń gbé ẹrù kọjá ni. Kò sí àgbàlagbà tí a ó ṣàlàyé rẹ̀ fún. Lójú ẹsẹ̀ ni ìbéèrè tẹ̀lé e: èló ni oníbodè yìí ń gbà, ta ni ó sì fún un láṣẹ? « Frais » kò tíì mú ẹnikẹ́ni bi wá ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn kan yóò sọ pé Faransé ni èdè ìjọba. Òótọ́ ni. Òun ni ó ń jẹ́ kí àwa àti àwọn Fọn, Bàrìbá àti Dẹ́ndì gbọ́ ara wa yé, òun sì ni apá kejì ìwé ìròyìn yìí. Ṣùgbọ́n abala 11 nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1990 fún gbogbo ẹ̀yà Benin ní òmìnira láti lo èdè wọn ní sísọ àti ní kíkọ. Àwọn mìíràn yóò ní ọ̀nà ìkọ̀wé wa kò dọ́gba, nítorí álífábẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè wa ń lo ɛ àti ɔ níbi tí àwọn ará Nàìjíríà ti ń lo ẹ àti ọ. Ẹni tí ó mọ ọ̀kan á kọ́ èkejì ní ọ̀sán kan. Èdè yìí kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé inú ìwé: ní ọdún 1859, ọdún 101 kí Dahomey tó gba òmìnira, ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun kékeré. Kí a kó ogún tàbí ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ tí ń wọlé sórí fóònù lójoojúmọ́ jọ, kí a wá orúkọ wọn lẹ́nu àwọn àgbà Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Àjàṣẹ́ àti àwọn Ifẹ̀ Atakpamé, kí a sì tẹ̀ wọ́n sínú ìwé ìròyìn yìí. Kí a kọ̀wé sí àwọn ilé-iṣẹ́ pé èdè tí wọ́n fi ń polówó fún wa ni kí wọ́n fi ṣírò owó wa fún wa pẹ̀lú, kí ó sì jẹ́ ní ohùn fún àwọn tí kò mọ̀wé. Ẹni tó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ìyá àgbà bá gbé fóònù fún yín, ẹ ka gbogbo rẹ̀ fún un ní èdè rẹ̀, títí kan owó bodè. Ẹ kọ́ ọ bí yóò ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀. Nígbà tí ó bá sì ń tẹ̀ ẹ́, ẹ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.