Ta Ni Ó Ni Màlúù Tí Ó Wà Ní Gàá?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò ní ìwé báǹkì, síbẹ̀ a kò lè pè wọ́n ní aláìní. Owó wọn wà nínú pápá, ó ń jẹ koríko. Bí a bá ta àgbàdo tán, tàbí tí epo bá lówó lórí, a kì í fẹ́ kí owó náà sùn sílé, nítorí owó tó bá wà nílé ni ẹbí ń wá yá. A ó wá ẹni tí ó mọ ọjà, a ó ra ọ̀dọ́ abo màlúù kan, a ó sì fà á lé Fúlàní lọ́wọ́ pé kí ó máa bá wa dà á pẹ̀lú tirẹ̀. Bí ọmọ bá fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, bí àìsàn bá dé, bí ilé bá ń wá òrùlé, màlúù á tún padà di owó.

Bí a ṣe ń rà á àti bí a ṣe ń tà á ni a fẹ́ bá yín sọ, nítorí ẹjọ́ tí ń tinú rẹ̀ jáde láàárín ẹbí ti ń pọ̀ jù.

Ẹ má ṣe rò pé ọjà màlúù rí bí ọjà àgbàdo. Níbi àgbàdo, igbá wà, agbọ̀n wà. Ní ọjà màlúù tiwa, ojú ni òṣùwọ̀n. Ní ìlú òyìnbó, ọ̀pọ̀ ọjà ẹran ni wọ́n ti ń fi gbàǹjo tà á: wọ́n á mú ẹran wọ àárín agbo, gbogbo ènìyàn á máa fi owó lé owó, etí gbogbo ọjà á sì gbọ́ iye tí ó jásí. Tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni, ọwọ́ nínú ọwọ́, lẹ́yìn ẹran.

Ẹni tó mọ màlúù rà á la ẹnu rẹ̀ wò. Màlúù kò ní eyín iwájú lókè; ti ìsàlẹ̀ ni a ń wò. Bí ó bá tó bí ọdún 2 ni eyín ọmọdé méjì tó wà láàárín máa ń bọ́ kí ti àgbà lè yọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti di ti àgbà, ẹran náà ti tó ọdún 4 tàbí 5. Bí eyín bá sì ti jẹ dé ìdí, ìyá àgbà ni ẹ fẹ́ rà yẹn, bí ó ti wù kí ara rẹ̀ máa dán tó. Ẹ wo bí ó ṣe ń rìn. Ẹ má jẹ́ kí ikùn ńlá tàn yín jẹ: àwọn kan máa ń fún ẹran ní iyọ̀ lá kí ó lè mu omi yó, kí ẹ lè rò pé ó lóyún. Oyún màlúù tó oṣù 9 àti ọjọ́ díẹ̀, bíi ti ènìyàn, ẹni tó bá sì rí owó gbà lórí oyún kò ní sí ní ọjà mọ́ ní ọjọ́ tí ẹ ó mọ̀ pé omi ni.

Ẹ tún wo irú rẹ̀. Màlúù kúkúrú ilẹ̀ wa, èyí tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní lagunaire, kò ga ju ìbàdí ọkùnrin lọ. Àwọn alápatà máa ń fojú tín-ín-rín rẹ̀ nítorí pé ẹran ara rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ nínú ilẹ̀ olómi yìí, ó sì lè fara da àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Màlúù funfun oníwo gígùn tó ń ti òkè wá lẹ́wà, ó wúwo, àrùn yẹn sì tètè ń mú un. Bí ẹ bá fẹ́ pa á jẹ ní oṣù tó ń bọ̀, ẹ ra funfun. Bí ẹ bá fẹ́ kó bímọ fún ọmọ yín, ẹ rò ó dáadáa.

A ti ra ẹran wàyí. Ó ku ẹni tí yóò dà á. Wàrà ni owó iṣẹ́ Fúlàní. Òun ni ìyàwó rẹ̀ ń fún, òun ni ó ń sè di wàrà líle, tí ó ń fi poroporo ọkà bàbà pa láró pupa, tí a sì ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jà. A mọ àwọn ará wa kan tí wọ́n fẹ́ kí Fúlàní da ẹran, kí ó tún máa gbé wàrà wá sílé fún wọn. Kí ni wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ? Òfin Mósè kò gbà kí á di màlúù tí ń pa ọkà lẹ́nu, áḿbọ̀sìbọ́sí ẹni tí ń da màlúù.

Mósè kan náà ti sọ̀rọ̀ nípa ẹran tí a fi síkàáwọ́ ẹlòmíràn. Ẹ wò ó nínú Ìwé Ẹ́ksódù, orí 22. Bí ẹranko búburú bá fa ẹran náà ya, kí darandaran mú ìyókù rẹ̀ wá fi ṣe ẹ̀rí. Bí olè bá jí i lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó san án. Bí ó bá kú tí kò sì sí ẹni tó rí i, ìbúra níwájú Olúwa ni yóò parí ọ̀rọ̀ náà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ rí i pé ó jọ tiwa. Fúlàní tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, bí ẹran yín bá kú, á ránṣẹ́ pè yín kí ẹ wá fojú rí òkú rẹ̀, tàbí kí ó gbé awọ rẹ̀ wá sílé yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ kì í dé gàá láti ọdún dé ọdún, awọ ta ni ẹ fẹ́ dá mọ̀?

Nígbà tí bàbá wa kú, àwọn àbúrò rẹ̀ jókòó, wọ́n sì ń ka iye màlúù tí a ó pa fún ìsìnkú. Ẹnìkan ní mẹ́ta, ẹnìkan ní kí á pa gbogbo rẹ̀, kí ìlú lè mọ̀ pé ènìyàn ńlá ló kú. Kò sí ẹnì kankan nínú àwa ọmọ tó mọ iye ẹran tó wà ní gàá. Ibi tí a ti ń sọ ọ́ ni Fúlàní tó ń da ẹran náà ti wọlé. Bàbá àgbà ni, ó ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń sọ èdè wa ju àwọn ọmọ wa tó wà ní Kútọnú lọ. Ó kí wa kú àṣẹ̀yìndè, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó sì da òkúta wẹ́wẹ́ 7 sílẹ̀ lórí ẹní.

Ó ya 5 sọ́tọ̀, ó ń mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí ni bàbá yín rà, èyí ni ọmọ rẹ̀, èyí ni wọ́n fi san gbèsè fún un. Lẹ́yìn náà ó ti 2 tó kù sí ọ̀dọ̀ ìyá wa. “Abo pupa nì yí, àti akọ tí ó bí. Ti Ìyá ni. Owó ekùrọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi rà á. Bàbá ló fà á wá fún mi, ó ní kí n mọ̀ pé ti ìyàwó òun ni.”

Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò bàbá wa bínú, ó ní Fúlàní kò lè wá kọ́ àwọn bí a ṣe ń pín ogún. Bàbá àgbà náà dáhùn wọ́ọ́rọ́ pé, “Èmi kò pín ogún o. Ẹran ni mo wá kà.”

Katikíìsì wa wà níbẹ̀. Ó bèèrè ìwé àti gègé lọ́wọ́ ọmọ kan, ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí Fúlàní ṣe kà á, ó sì kà á sókè sí gbogbo ilé. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún dárúkọ abo pupa mọ́ àyàfi ìyá wa.

Bí bàbá àgbà yẹn bá fẹ́, ó lè sọ pé 4 péré ni gbogbo rẹ̀, ta ni yóò já a ní irọ́? A sọ èyí nítorí àwọn tó jẹ́ pé, bí ẹran kan bá ti sọnù, gbogbo Fúlàní ló ti di olè lẹ́nu wọn. Olè wà láàárín Fúlàní, ó sì wà láàárín àwa Nàgó. Bí màlúù bá jẹ oko yín, ẹni tó ni màlúù yẹn ni kí ẹ wá rí, kì í ṣe gàá tó bá sún mọ́ yín jù lọ. Àti pé, ẹ̀yin ará, ẹran inú agbo náà lè jẹ́ ti ẹni tí ẹ jọ jókòó lórí àga kan ní Mísà.

Òfin ẹbí ilẹ̀ wa, èyí tí wọ́n fi lélẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2004, ti fún opó ní ipò nínú ogún ọkọ rẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n màlúù tí obìnrin fi owó ara rẹ̀ rà kì í tilẹ̀ ṣe ogún ọkọ, òfin kò sì lè gbà á sílẹ̀ fún un bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ pé tirẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹ̀yin ọkọ, bí ẹ bá ń fa ẹran ìyàwó yín lọ sí gàá, ẹ sọ ọ́ níbẹ̀, kí ẹ sì tún sọ ọ́ nílé níwájú àwọn ọmọ. Ẹ kọ àwọ̀ rẹ̀ àti àmì etí rẹ̀ sílẹ̀, àti ọjọ́ tí ẹ rà á. Ìwé ọmọ iléèwé tó.

Lẹ́yìn ọdún kan ó lé, àbúrò wa obìnrin yege, ó sì ní láti lọ kàwé ní Porto-Novo. Ìyá wa ní kí á ta akọ yẹn. Iléyá àwọn Mùsùlùmí ń bọ̀, ẹran sì máa ń lówó lórí ní àkókò náà, àwa sì kà á sí ọgbọ́n láti dúró dè é. A fà á lọ sí ọjà. Dìlálì kan gbà á lọ́wọ́ wa, ó lọ bá alápatà sọ̀rọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán ní èdè Hausa, ó sì padà wá.

“Màmá, 280.000 fráǹkì ni wọ́n san.”

“Ọmọ mi, o ṣeun. Jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ rà á fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi.”

Ó ní wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjà yẹn. Ìyá wa kò bá a jà. Ó jókòó sórí ìdì koríko, ó di okùn ẹran mú, ó sì ń wo ọ̀nà. Oòrùn mú, ojú ti àwa ọmọ díẹ̀, nítorí àwọn ènìyàn ti ń wò wá. Nígbà tí ó pẹ́, alápatà fúnra rẹ̀ dé, ó ní, “Màmá, kí ló dé? Mo ti ní 320.000 ni mo ń san, ẹ ò gbà ni?”

Ìyá wa ní òun gbà. Ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì yọ láàdà dìlálì fún un pé pérépéré, kò dín kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ó ní iṣẹ́ tó ṣe ni òun san, 40.000 tó kù kì í ṣe iṣẹ́.

A kò bú àwọn dìlálì. Ọjà kò lè gbé láìsí wọn. Ọ̀gbẹ́ni Abner Cohen, tó kọ ìwé ní ọdún 1969 lórí àwọn Hausa tó wà ní Sábó Ìbàdàn, ṣàlàyé pé àwìn ni àwọn alápatà Yorùbá fi ń ra màlúù níbẹ̀. Onílé tí oníṣòwò wọ̀ sí ló ń dúró fún owó náà, dìlálì tó ń bá a ṣiṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ mọ alápatà tó ṣeé gbára lé. Ẹni tó bá gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ yẹ fún láàdà rẹ̀. Ohun tí kò yẹ ni kí iye owó jẹ́ méjì, ọ̀kan fún ẹni tó ń tà, èkejì fún ẹni tó ń rà.

Ní òkè ilẹ̀ wa, ní Gogounou àti ní àwọn ìlú mìíràn ní Borgou àti Alibori, àwọn darandaran ti wá nǹkan ṣe sí i. Wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n sì ń bójú tó ọjà màlúù fúnra wọn; marché à bétail autogéré ni wọ́n ń pè é lédè Faransé. Ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà ń fojú kojú ná ẹran. Ẹni tó ń tà ní ẹlẹ́rìí pé ẹran náà kì í ṣe ti olè. Akọ̀wé ń kọ ọ́ sínú ìwé. Nínú owó orí ẹran, ìjọba ìbílẹ̀ ń gba tirẹ̀, ẹgbẹ́ sì ń gba tirẹ̀. A kò sọ pé ọ̀run ni Gogounou. Ṣùgbọ́n akọ̀wé kan lórí àga kan, pẹ̀lú ìwé kan, ṣé ohun tó ju agbára Pobẹ̀ àti Sákété lọ nìyẹn?

Ọ̀rọ̀ méjì kéékèèké kù. Bí ẹ bá gbọ́ iye tí wọ́n ń ta màlúù ní Ìlaró tàbí Abẹ́òkúta, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tí fráǹkì jẹ́ sí náírà lọ́jọ́ náà. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023, náírà ti já wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí iye àtijọ́ kò ṣeé rántí mọ́. Èkejì ni abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àwọn àgbà kò tíì gbàgbé àrùn tí àwọn Faransé ń pè ní peste bovine, tó pa màlúù rẹpẹtẹ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní nǹkan bí ọdún 1983. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi lé e títí wọ́n fi kéde ní ọdún 2011 pé ó ti tán láyé. Bí dókítà ẹran bá dé gàá, ẹ má jẹ́ kí Fúlàní nìkan san owó abẹ́rẹ́ ẹran yín. Kí ẹ sì se wàrà kí ẹ tó fún ọmọ mu.

Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ̀, níbi tí àwa náà ti máa ń ṣe gbàǹjo, tí a sì máa ń fayọ̀ fi owó lé owó lórí ewúrẹ́ àti iṣu nítorí pé ti Olúwa ni. Ẹbí kan ti ní àwọn fẹ́ mú ọmọ màlúù wá. Kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ kí gbogbo ilé wọn mọ̀ kí wọ́n tó fà á dé. Ẹ̀yin tí ẹ na ọwọ́ sókè ní ìkórè tó kọjá, tí ẹ gbé ẹran lọ, tí owó kò sì tíì dé, akápò ṣọ́ọ̀ṣì ní kí a kí yín, ó ní orúkọ yín ṣì wà lọ́wọ́ òun.