Ìfẹ́ Tàbí Ìṣẹ́: Sípíkà inú Hilux Bàámi

Ẹni tó fún rédíò lórúkọ ní èdè Yorùbá mọ ohun tó ń ṣe. Asọ̀rọ̀mágbèsì: ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Ní ọdún 1935 tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà fa rédíò wọ ilé àwọn èèyàn l'Ékòó, àpótí kan ni wọ́n ń gbé sínú ilé, wọ́n ń pè é ní Rediffusion. Sípíkà ló wà nínú àpótí ọ̀hún. O ò lè yan ibi tí o fẹ́ gbọ́. Ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ ni wàá gbọ́, tí o bá sì fèsì, ìwọ àti ògiri ni.

Bàámi ò gbà pé ó yẹ kéèyàn dákẹ́ fún rédíò. Inú Hilux rẹ̀ ló ti máa ń bá a jà. Ọkọ̀ ọdún 1998 ni, tòkunbọ̀ ni, òun ló fi ń kó pákó láti ìsọ̀ rẹ̀ l'Ajah lọ síbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé: Badore, Ṣàngótẹ̀dó, nígbà míì títí dé Ìbẹ̀jú. Tó bá ti wọ títì Lekki sí Ẹ̀pẹ́ báyìí, Bond FM 92.9 ni, tàbí Radio Lagos 107.5. Tí wọ́n bá ní ìjọba fẹ́ tún ojú títì kan ṣe, bàámi á ní, "Irọ́ lo pa." Tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá pa òwe tí kò bá pa á dé ìdí, bàámi á bá a pa á dé ìdí. Bí a ṣe ń jókòó sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Ajah nìyẹn, tí ọjọ́ kì í sì í gùn.

Nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Ó kọ́kọ́ ń yí ohùn rédíò sókè. Nígbà tó yá, ó ń pa á. Ó ní rédíò náà ti ń jẹ ọ̀rọ̀ mọ́nu, pé gbogbo àwọn tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ dà bí ẹni tó ki iṣu gbígbóná sẹ́nu.

Mo ní kó má ṣe ìyọnu, màá bá a pààrọ̀ sípíkà rẹ̀. Èmi ni ọmọ tó máa ń tú nǹkan nílé wa. Fáànù ni o, áyọ́ọ̀nù ni o, èmi ni wọ́n máa ń gbé e wá fún kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí sípíkà jẹ́, torí ojoojúmọ́ là ń gbọ́ ọ, ọ̀pọ̀ wa ò sì rí inú rẹ̀ rí. Mágnẹ́ẹ̀tì wà lẹ́yìn. Wáyà tín-ín-rín tí wọ́n ká róbótó wà láàárín mágnẹ́ẹ̀tì yẹn. Níwájú, páálí kan wà tí wọ́n ṣe bí àrọ tí a fi ń rọ epo. Iná tó ń bọ̀ láti inú rédíò á gba inú wáyà kọjá, mágnẹ́ẹ̀tì á máa tì í síwá sẹ́yìn, páálí á máa ti afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ ọ̀hún ló ń wá kan etí wa. Ọdún 1925 ni Rice àti Kellogg, oníṣẹ́ ẹ̀rọ méjì ní General Electric l'Amẹ́ríkà, ṣàlàyé irú èyí fún aráyé. Láti ìgbà náà, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ṣì ń gbà ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ wọn.

Èyí tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ máa ń fi sínú píkọ́ọ̀pù láyé ọjọ́un, páálí lásán ni. Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Ọkọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Ta ló fẹ́ ná owó gidi lórí orin nínú ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi kó sìmẹ́ǹtì? Àmọ́ ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí, ọ̀sà wà lápá kan, òkun wà lápá kejì, atẹ́gùn oníyọ̀ sì ń fẹ́ tọ̀sán tòru. Ohun tó ń jẹ páànù òrùlé, tó ń jẹ géètì onírin, ṣé páálí ló máa wá dá sí?

Mo tú ilẹ̀kùn náà lọ́jọ́ Sátidé kan níwájú ìsọ̀. Ọwọ́ tí a fi ń yí gíláàsì lókè lódò ló kọ́kọ́ fẹ́ dá mi lágara. Irin kékeré kan ló dì í mú látẹ̀yìn, ojú ò sì rí i. Àkísà ni mo fi sáàárín, mo ń fà á lọ fà á bọ̀ títí irin náà fi ta dànù. Lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ọ̀tì mẹ́ta mẹ́rin, mo fa páálí ilẹ̀kùn, ó já.

Ọ̀rá kan wà lẹ́yìn páálí ilẹ̀kùn tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dúdú lẹ̀ mọ́ irin. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ dán èyí wò nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya ọ̀rá yẹn dànù. Tí òjò bá ń rọ̀, omi máa ń gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì wọnú ilẹ̀kùn, ó sì ń gba ihò ìsàlẹ̀ jáde. Ọ̀rá yẹn ni kì í jẹ́ kó wọ inú ọkọ̀. Ẹni tó bá mọ òjò oṣù keje l'Ajah, kò ní fi ọ̀rá ṣeré.

Bí mo ṣe rí sípíkà ọ̀hún, àánú rẹ̀ ṣe mí. Fóòmù tó yí ti ọwọ́ ọ̀tún ká ti di ẹ̀tù. Mo fi ìka kàn án, ó rún wómúwómú bíi bisikíìtì. Ti ọwọ́ òsì ti ya láàárín. Bàámi wò ó, ó ní, "Ṣé ẹ wá rí i báyìí? Mo sọ fún yín pé òun ni."

Mo wọn ihò rẹ̀, ìǹṣì 6.5, mo gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Ọmọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ gbé páálí aláràbarà kan síwájú mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ gbé èyí. 1000 wáàtì. Tí ẹ bá tàn án l'Ajah, ará Ṣàngótẹ̀dó á jó."

Ara páálí ni 1000 yẹn wà o, kò sí nínú sípíkà. Rédíò ọkọ̀ tí wọ́n kọ 50 wáàtì sí lára, nǹkan bíi 15 sí 20 ló lè fún sípíkà kọ̀ọ̀kan kí ohùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Bátìrì ọkọ̀ ló fà á. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, fólítì 14 àti díẹ̀ ló ń mú wá, ẹnìkan ò sì lè pọn odò láti inú kèrègbè. Ohun tó yẹ kéèyàn wá lára páálí ni RMS, ìyẹn agbára tí sípíkà lè gbé fún wákàtí púpọ̀, àti iye dB tí yóò fi wáàtì 1 pa. Tí sípíkà kan bá fi dB 3 ju èkejì lọ, ìdajì agbára tí èkejì nílò ló máa fi pa ariwo kan náà. Fún rédíò kékeré bíi ti bàámi, èyí ṣe pàtàkì ju 1000 lọ.

Mo sọ fún ọmọkùnrin náà pé bass kọ́ ni bàbá mi ń wá, ọ̀rọ̀ ni. Ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tó lọ ra ata ní ìsọ̀ aláṣọ. Lẹ́yìn náà ló gbé méjì kan jáde tí wọ́n ní sípíkà kékeré láàárín ńlá. Tweeter ni wọ́n ń pe kékeré yẹn. Òun ló ń gbé ohùn tín-ín-rín, ohun tí páálí àtijọ́ kì í lè gbé dáadáa.

Rìwáyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ wa fẹ́ bá mi gé wáyà, mo ní kó fi í sílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, wáyà aláwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́ àti aláwọ̀ àlùkò ló ń lọ sí sípíkà òsì níwájú, aláwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ àti aláwọ̀ aró ló ń lọ sí ti ọ̀tún. Èyí àkọ́kọ́ nínú méjèèjì ni pọ́sítíìfù. Mo fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo, fólítì 1.5, kan ẹnu sípíkà tuntun láti dá a mọ̀. Tí páálí bá ta síta, pọ́sítíìfù wà lórí pọ́sítíìfù nìyẹn. Tí ẹ bá so ọ̀kan sódì, bí ti òsì ṣe ń ti afẹ́fẹ́ ni ti ọ̀tún á máa fà á, ohùn ìlù á sì pòórá láàárín àwọn méjèèjì.

Nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a tan rédíò. Wọ́n ń lu dùndún níbẹ̀. Bàámi gbé orí sókè. "Ẹ̀n-ẹ́n! Ìyá ìlù rèé!" Ó ń mi orí, èmi náà ń mi orí. Ìyá mi jáde láti inú ìsọ̀, ó ní ṣé ẹ̀yin méjèèjì ti ya wèrè ni.

Orin parí, ètò lórí ọ̀rọ̀ ìdílé bẹ̀rẹ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà ń sọ nípa tọkọtaya kan tó ti fẹ́ra wọn tipẹ́. Ó ní, ohun tó mú wọn jọ dúró ni ìfẹ́.

Bàámi dá a lóhùn kíá. "Ìṣẹ́ kẹ̀? Báwo ni ìṣẹ́ ṣe máa mú èèyàn jọ dúró?"

Mo wo rédíò, mo wo bàámi. Ohùn náà mọ́ gaara. Ìfẹ́ ni obìnrin yẹn sọ.

Mo pa rédíò. Mo jókòó sí ẹ̀yìn bàámi níbi tí kò ti lè rí ẹnu mi, mo ní, "Bàámi, kí ni mo sọ? Ọfà." Ó ní, "Ọkà." Mo ní, "Òfò." Ó ní, "Òkò." Kò sí èyí tí kò gbà bí ẹni tó dá ara rẹ̀ lójú. Kò sì sí èyí tó ṣì ohùn rẹ̀ gbọ́. Ohùn òkè wà níbi tí ohùn òkè wà, ìsàlẹ̀ wà nísàlẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì nìkan ni ò sí.

Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà nìyí. Ohùn tí a fi ń dá ìfẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ifẹ̀, inú ọ̀fun ló ti ń wá, ó sì nípọn. Ìró bíi f, s, ṣ, t, k, èémí lásán ni, tín-ín-rín ni, òkè ni wọ́n wà. Àgbà tàbí ariwo tó bá fẹ́ ba etí jẹ́, òkè ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń sọ èdè Yorùbá tí òkè etí rẹ̀ bá ti lọ, á ṣì máa gbọ́ orin inú ọ̀rọ̀, á kàn máa fi òye kún ìyókù.

Àbí kí ni dùndún ń ṣe? Ìlù ò lè pe f, kò lè pe ṣ. Ohùn nìkan ló ní. Ìdí nìyẹn tí onílù kì í fi í lu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dá sílẹ̀. Á fi oríkì àti òwe tí gbogbo ayé ti mọ̀ gbè é kí a lè mọ ibi tó ń lọ. Bàámi ti ń gbọ́ gbogbo wa bí ẹní ń gbọ́ ìlù, a ò sì mọ̀. Ó mọ oríkì ìyá mi, ó mọ ohun tí èmi máa ń sọ, ó ń fi ìyẹn gbé wa. Àlejò inú rédíò ni kò mọ̀. Oníbàárà tuntun tó wá béèrè pákó ni kò mọ̀, àwọn tó ń lọ sọ káàkiri pé bàbá yẹn ti ń di agídí, pé kì í dáni lóhùn.

Dókítà etí tí a lọ rí fi ẹ̀rọ bo etí rẹ̀ méjèèjì, ó ní kó máa tẹ nǹkan nígbàkígbà tó bá gbọ́ ohùn. Ìlà tó yà sórí ìwé bẹ̀rẹ̀ dáadáa lápá òsì, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹní ń já gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Ó bi bàámi ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Bàámi ní òun ń ta pákó. Ó ní, "Ta ló ń la pákó náà?" Bàámi ní, "Èmi ni, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún."

Ariwo 85 dB, wákàtí 8 lóòjọ́ ni wọ́n ní kéèyàn má kọjá níbẹ̀. Tó bá fi 3 lé e, ó di wákàtí 4. Tó bá tó 100, ìṣẹ́jú 15 ni. Ẹ̀rọ ìlapákó máa ń tó 100, ó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irun tín-tìn-tín tó wà nínú etí ló ń bá wa gba ohùn, tí ariwo bá sì ti pa wọ́n, wọn kì í hù padà. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ń tà wọ́n, ìǹṣì yòówù kó jẹ́.

Dókítà ní kó lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Bàámi fárí gá. "Kí wọ́n lè máa pè mí ní adití l'Ajah?" Mo ní, "Bàámi, ẹ ń lo awò ojú láti ìgbà tí mo ti dáyé. Ta ló pè yín ní afọ́jú?" Kò dá mi lóhùn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ló ní òun á lò ó nínú ilé. Nínú ilé nìkan.

Èyí tó le jù ni ti kọ́kọ́rọ́. Títì Lekki sí Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń fi òye gbé ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìyá mi ló bá a sọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, àwa ọmọ ò sí níbẹ̀. Láti ìgbà náà, àbúrò mi ló ń wa Hilux tí ọjà bá ti kọjá Ṣàngótẹ̀dó tàbí tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Bàámi á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ṣì ń bá rédíò jà, tí kò bá gbọ́ ibì kan, á bi àbúrò mi pé, "Kí ló wí?" Àbúrò mi á tún un sọ fún un.

Mo ra ìbotí mẹ́ta fún àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tó ń la pákó níbẹ̀ báyìí. Àwọn méjì fi tiwọn kọ́ ọrùn bí ẹní wọ ẹ̀gbà. Ẹnìkẹta, tó kéré jù nínú wọn, ló ń fi í bo etí. Bàámi ní kó máa bo etí rẹ̀ lọ, kó má dá wọn lóhùn.