Láti Pápá Àjàó Dé Mọ́níyà Nítorí Ìyeyè

Ní ẹ̀yìnkùlé àbúrò mi obìnrin ní Thamesmead, ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ni mo ti kọ́kọ́ jẹ rásíbẹ́rì aláwọ̀ ìyeyè. Oṣù Ògún ni. Èso náà kò ju orí àtàǹpàkò lọ. Bó bá ti pọ́n dáadáa, kò sí pé à ń fà á. Ẹ ṣáà fọwọ́ kàn án, yóò bọ́ sí yín lọ́wọ́, yóò sì fi ọkàn rẹ̀ funfun sílẹ̀ lórí igi, tí inú èso fúnra rẹ̀ yóò wá ṣófo. Adùn rẹ̀ tutù, kíkan rẹ̀ kò sì tó ti pupa. Àbúrò mi ní irú kan náà ni òun àti pupa, aró pupa ni kò sí nínú tirẹ̀. Ó ní àwọn ẹyẹ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú.

Bí mo ṣe ń já a ni ọkàn mi ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Pápá Àjàó. Lọ́dọ̀ wa, ilé fara ti ilé, sìmẹ́ǹtì sì ti bo ibi tó yẹ kí koríko wà. Ọjà Ládìípọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, kò jìnnà sí wa rárá. Ìró irin la fi ń jí, èéfín jẹnẹrétọ̀ la fi ń sùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ kí àwọn ọmọ ilé wa mọ bó ṣe rí láti na ọwọ́ sókè, kí wọ́n já nǹkan, kí wọ́n jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni san owó. Mo gbà pé ó yẹ kí ọmọdé ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ Mushin ni wọ́n bí i sí.

Mo bi àbúrò mi bóyá mo lè mú gbòǹgbò rẹ̀ dání. Ó mi orí. Òtútù ló ń bá rásíbẹ́rì tún ara ṣe. Púpọ̀ nínú irú rẹ̀ ní láti sùn gbalaja fún nǹkan bí wákàtí 800 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú òtútù tí kò ga ju 7 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius kó tó lè jí, kó sì so bó ṣe yẹ. Ní oṣù Èrèlè, àbúrò mi yóò gé gbogbo ọ̀pá tirẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Ọ̀pá tuntun yóò yọ láti inú ilẹ̀, òun náà ni yóò sì so kí ọdún tó parí. Lóru ọyẹ́ tó mú jù lọ ní Èkó, a kì í tiẹ̀ sún mọ́ 7 yẹn. Tí a bá fẹ́ rí ìbátan rásíbẹ́rì tó ń dá hù ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, àfi ká gun òkè gíga, bí òkè Kamẹrúùnù, níbi tí òtútù wà. Òfin tún wà níbẹ̀: ẹnì kan kò gbọdọ̀ kó gbòǹgbò àti iyẹ̀pẹ̀ wọ Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NAQS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ àrùn ọ̀gbìn àti ti ẹran ní ẹnubodè. Òfin tó dára ni. Kòkòrò tí ojú kò rí lè gun ẹ̀kúnwọ́ iyẹ̀pẹ̀ kan wọlé, kó sì ba oko ẹni tí kò mọ ohunkóhun nípa rásíbẹ́rì jẹ́.

Bí mo ṣe pa dà sílé lọ́wọ́ òfo nìyẹn. Nígbà tó di oṣù Agẹmọ ọdún kejì, mo ń kọjá lọ́jà Ọjúwọyè lẹ́yìn òjò, ni òórùn kan bá dá mi dúró. Ìyá kan ló kó ìyeyè sínú abọ́, ó gbé e ka orí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata. Mo ra abọ́ kan, mo sì ń jẹ ẹ́ bí mo ṣe ń lọ: èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹran díẹ̀ lára kóró ńlá, kíkan tó ń pa ojú dé, adùn tó ń tẹ̀lé e. Mo pa dà lọ bi ìyá náà bí wọ́n ṣe ń gbìn ín. Ó ní, “Ọ̀pá ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀, ìyàwó mi. Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ lọ tán, kí ẹ wá gé e kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.”

Mo mọ ibi tí ọ̀pá ìyeyè wà. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Mọ́níyà, ń gbé ní abúlé kan tó wà lẹ́yìn Mọ́níyà, lójú ọ̀nà Ìṣẹ́yìn. Mo rántí ọgbà igi ìyeyè kan tó yí ilé ewúrẹ́ rẹ̀ ká.

Ní oṣù Èrèlè, mo jí ní ìdájí, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá jáde sí Agége Motor Road, mo sì wọ dáńfó tó gba Ìdí-Òro àti Ojúẹlẹ́gba lọ sí Yaba. Láti ibẹ̀, Alágómejì kò jìnnà, ibẹ̀ ni ibùdókọ̀ ojú irin tí wọ́n fi orúkọ Mobolaji Johnson sọ wà, ẹni tó kọ́kọ́ jẹ gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó láti 1967 títí di 1975. Ọjọ́ 10 oṣù Òkúdù 2021 ni wọ́n ṣí ọ̀nà irin yìí, kìlómítà 157 ni láti Èkó dé Ìbàdàn. Ohun tó wù mí nípa rẹ̀ ni pé lẹ́yìn tí mo ti la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kọjá dé Yaba, ọkọ̀ ojú irin náà tún gbé mi pa dà gba Mushin kọjá! Mo rí òrùlé tó ti dógùn-ún, mo rí aṣọ tí wọ́n sá sórí bákónì, mo rí àwọn tó ń to táyà síta ṣọ́ọ̀bù. Mo wá igi kiri pẹ̀lú ojú mi láàárín Ìdí-Òro àti Òṣòdì. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni mo rí wọn, máńgòrò kan níbí, àgbọn kan lọ́hùn-ún lẹ́yìn ọgbà ilé ìjọsìn.

Lẹ́yìn Agbádó ni ojú ọ̀run tó fẹ̀. Kájọlà, Pápálàntó, Abẹ́òkúta. Ọ̀nà irin àtijọ́ tí àwọn Òyìnbó là, èyí tó dé Ìbàdàn ní 1901, ń sún mọ́ wa, ó ń jìnnà sí wa, koríko sì ti bò ó láwọn ibì kan. Ẹ̀ẹ̀rùn ti jó ilẹ̀ gan-an. Àsìkò yìí ló rọrùn jù láti dá ìyeyè mọ̀ láti ojú fèrèsé, nítorí ó máa ń wọ́ ewé rẹ̀ dànù pátápátá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: èèpo eérú tó rí gbágungbàgun, ẹ̀ka tó nàró sókè, ìhòòhò gedegbe láàárín àwọn igi tí ewé wà lórí wọn. Láti Olódó dé Omi-Àdìó, mo rí wọn lọ́pọ̀, púpọ̀ nínú wọn lórí ìlà gbọọrọ, èyí tó fi hàn pé ènìyàn ló rì wọ́n mọ́lẹ̀ nígbà kan.

Kò tó wákàtí mẹ́ta tí a fi dé Mọ́níyà. Ọ̀kadà ló gbé mi dé abúlé.

“Àṣàkẹ́ ọmọ mi, káàbọ̀. Èkó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?”

“Wọ́n wà, Ìyá. Wọ́n ní kí n kí yín.”

Lẹ́yìn omi àti oúnjẹ ni mo tó sọ ohun tí mo bá wá. Inú Ìyá dùn débi pé kò jẹ́ kí n sinmi, ó mú mi lọ sí ìdí ọgbà lójú ẹsẹ̀. Ó ní ọkọ òun tó ti dolóògbé kò ní i lọ́kàn láti gbin igi kankan níbẹ̀. Ọ̀pá lásán ni bàbá náà rì mọ́lẹ̀ láti so ewúrẹ́ mọ́. Òjò rọ̀, ọ̀pá rúwé, àwọn ewúrẹ́ sì jẹ ewé náà títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, nítorí ewúrẹ́ fẹ́ràn ewé ìyeyè ju bí a ṣe lè rò lọ. Bàbá wá fi igi mìíràn dáàbò bò ó. Igi ọjọ́ náà ló ti di ògiri yìí, tí ẹnì kan kò san kọ́bọ̀ lé lórí.

Kóró ọdún tó kọjá wà nílẹ̀ káàkiri, funfun, tó kún fún fọ́nrán. Ìyá mú ọ̀kan. “Èyí náà ń hù, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ lábẹ́ ilẹ̀, yóò tún pẹ́ kó tó so. Ọ̀pá ni kí o mú.” Mo béèrè nípa ewé. Ó ní àwọn máa ń sè é ní àgbo fún ìyá ọmọ tuntun, ṣùgbọ́n aboyún kì í mu ún. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì wo ojú mi kó lè dá a lójú pé mo gbọ́.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ gun òkè pẹ̀lú àdá. Ìyá ló ń tọ́ka láti ìsàlẹ̀: kì í ṣe ẹ̀ka tútù, kì í ṣe ẹ̀ka tó ti gbó jù, èyí tó nípọn tó ọrùn ọwọ́ ni kó gé. Wọ́n gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìdágẹ̀ẹ́rẹ́, wọ́n gé orí rẹ̀ ní ọ̀gbọọrọgba, kí n má baà fi orí rẹ̀ sọlẹ̀ nígbà tí mo bá délé. Oje tó ń lẹ̀ yọ lójú ọgbẹ́ náà. Ìyá ní kí n má rì í mọ́lẹ̀ ní tútù bẹ́ẹ̀. Kí n fi í sí ibòòji fún ọjọ́ díẹ̀ kí ojú ọgbẹ́ gbẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò jẹrà. Mo sun ibẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo fi àpò wé àwọn ọ̀pá náà, mo sì gbé wọn wọ ọkọ̀ ojú irin.

Ẹnì kan tó jókòó ti mi béèrè ohun tó wà nínú àpò. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní, “Ìyeyè? Tiwa nìyẹn, igi ìbílẹ̀.” Mo ṣàlàyé díẹ̀ fún un. Àwọn onímọ̀ igi gbà pé Amẹ́ríkà ilẹ̀ olóoru ni orísun ìyeyè. Ní Bùràsíìlì, cajá ni wọ́n ń pè é; ní Bàhíà, níbi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn baba ńlá wa lẹ́rú lọ, wọ́n ń fún omi rẹ̀ mu, wọ́n ń fi ṣe áísìkirímù, wọ́n sì ń di ẹran rẹ̀ sínú yìnyín tà. Ẹbí kan náà ni òun, máńgòrò àti kaṣú. Máńgòrò wá láti Éṣíà, kaṣú wá láti Bùràsíìlì, kò sì sí ẹni tó ń pe èyíkéyìí nínú wọn ní àlejò mọ́. Nítorí náà n kò rò pé ibi tí igi ti wá ló yẹ ká máa bi í. Ohun tó yẹ ká bi í ni bóyá ooru wa tẹ́ ẹ lọ́rùn, bóyá òjò wa tó o mu, bóyá ẹ̀ẹ̀rùn wa tó fún oorun rẹ̀. Rásíbẹ́rì yóò dáhùn pé rárá sí gbogbo rẹ̀. Ìyeyè ń fi ewé rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń jí fún òjò, ó ń so nígbà tí ilẹ̀ bá rin, ó sì ti bá ọdún wa mu láti ìgbà tí ẹnì kan kò lè rántí mọ́.

Ẹ̀yìnkùlé wa ní ìṣòro tirẹ̀. Nígbà kan, mẹkáníìkì kan ń da ọ́ìlì dúdú sílẹ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ṣì ń dán bí omi bá bà á. N kò ní gbin ohun tí ọmọ yóò jẹ sínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ra dúrọ́ọ̀mù oníke aláwọ̀ aró, èyí tí wọ́n fi kó oúnjẹ, mo gé e sí méjì, mo lu ihò sí ìdí rẹ̀. Mo ra iyẹ̀pẹ̀ dúdú lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá ọ̀nà, mo sì po ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa mọ́ ọn. Ìyeyè tí wọ́n fi sílẹ̀ lè ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ. Nínú dúrọ́ọ̀mù, pẹ̀lú gígé lọ́dọọdún, kò ní dàgbà tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí òjò oṣù Ẹrẹ́nà rọ̀, kò sí nǹkan kan. Àwọn ayálégbé ń bi mí ìgbà tí mo máa yọ igi òkú náà dànù. Kí oṣù Igbe tó parí, ewé tí pupa fẹ́ẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀ ti yọ lórí méjì nínú àwọn ọ̀pá náà, ìkẹta sì gbẹ dànù. Kò tíì so. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé ti pín in láàárín ara wọn, wọ́n sì ti mọ ẹ̀ka tó jẹ́ ti olúkúlùkù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún gíá mọ́tò ṣe ní Ládìípọ̀ ti bẹ̀ mí fún ọ̀pá kan fún iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí ọyẹ́ kọjá ná, kó wá dúrọ́ọ̀mù sílẹ̀. Lálẹ́ àná, ó gbé ọ̀kan wá fún mi wò; òórùn ọ́ìlì gíá ń yọ nínú rẹ̀, ni mo bá júwe ibi tí wọ́n ti ń ta aláwọ̀ aró fún un.