Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Gbọ̀n Lẹ́yìn Tí Wọ́n Pààrọ̀ Rẹ̀

Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tí wọ́n rà ní Ládípọ̀ ní Mushin, tàbí ní ọjà Àràròmí lẹ́bàá Gate ní Ìbàdàn, kì í sọ ìtàn ara rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, inú ọkọ̀ tó ti forí sọ nǹkan nílẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti tú u jáde. Ẹni tó tà á kò mọ bó ṣe rìn tó, ẹni tó rà á náà kò mọ̀. Mẹkáníìkì á gbé e wọnú ọkọ̀, réwáyà á so waya rẹ̀, wọ́n á sítáàtì rẹ̀, á sì dáhùn. Inú gbogbo èèyàn á dùn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìṣòro á wá jẹ yọ: ọkọ̀ á máa gbọ̀n tó bá dúró nínú gò-sílò, á máa fà sẹ́yìn tí awakọ̀ bá tẹná, á kú ní oríta, epo á sì máa tán bí ẹni pé tánkì ń jò. Ohun tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn oní-mọ́tò ni pé wọ́n ti ta ẹ́ńjìnnì tó bàjẹ́ fún òun. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ́ńjìnnì àti ọkọ̀ ti so pọ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí: ẹnu waya, ẹnu hóòsì, ojú bóòtù, gáskẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tún lò lẹ́ẹ̀kejì. Ọwọ́ èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kan gbogbo ibẹ̀ ni, ibi tí ọwọ́ bá sì ti kàn ni àṣìṣe ti rọrùn jù.

Kí ẹnikẹ́ni tó ṣí nǹkan kan, ó yẹ kó mọ irú gbígbọ̀n tó ń bá jà. Bí ọwọ́ RPM bá dúró gbọn-in lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ní nǹkan bí 650 tàbí 700, síbẹ̀ tí sítíárìn àti ìjókòó ń gbọ̀n, engine seat ni kí wọ́n wò, kì í ṣe plọ́ọ̀gì. Wọ́n sábà máa ń dá engine seat àtijọ́ padà sábẹ́ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, rọ́bà inú rẹ̀ á sì ti já tipẹ́. Nígbà mìíràn, wọ́n á ti di bóòtù rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì rọ̀ sórí ṣéènì, á wá jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ RPM bá ń lọ sókè sódò, tí ìró sàlẹ́ńsà ń já lu ara wọn, a jẹ́ pé iná, epo, afẹ́fẹ́ tàbí táímìn ni ọ̀rọ̀ wà.

Ṣé ẹ́ńjìnnì náà tilẹ̀ bá ọkọ̀ mu? Orúkọ kan náà lè wà lára ẹ́ńjìnnì méjì kí wọ́n má jọra tán. Corolla tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà fi èyí hàn kedere. Ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE ló wà nínú rẹ̀ láti ọdún 1998 títí di 2008, ṣùgbọ́n ti 1998 àti 1999 kò ní VVT-i. Ti 2000 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ní in. VVT-i ni ọ̀nà tí Toyota ń gbà lo ọ́ìlì láti yí àkókò tí fáàfù ń ṣí padà, gẹ́gẹ́ bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń sáré sí. Tí wọ́n bá gbé ẹ́ńjìnnì 2000 sínú ọkọ̀ 1998, tí wọ́n sì fi brain box àtijọ́, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, sílẹ̀, brain box yẹn kò ní waya kankan fún fáàfù ọ́ìlì VVT-i, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Ẹni tó bá wá ń pààrọ̀ plọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fowó ṣòfò ni. Brain box, waya àti sẹ́ńsọ̀ gbọ́dọ̀ bá ẹ́ńjìnnì jẹ́ ìran kan náà. Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú yí gbogbo ohun tó so mọ́ ara ẹ́ńjìnnì padà sí ti ọkọ̀. Àmì tí wọ́n tẹ̀ sára bulọ́ọ̀kù ni kí wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ojú lásán kò tó.

Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ní ihò OBD-II lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ibẹ̀ sì ni scanner ti ń gbọ́ ohun tí brain box ní í sọ. Kí wọ́n kọ gbogbo kóòdù sílẹ̀ kí wọ́n tó pa wọ́n rẹ́. P0300 ń sọ pé iná ń fò nínú sìlíńdà tó ju ẹyọ kan lọ. P0301 títí dé P0304 ń dárúkọ sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. P0340 ń tọ́ka sí sẹ́ńsọ̀ camshaft àti waya rẹ̀. P0016 ní tirẹ̀ ń sọ pé crankshaft àti camshaft kò bára wọn mu. Kóòdù kì í ṣe orúkọ ohun tí wọ́n máa lọ rà lọ́jà. P0171, fún àpẹẹrẹ, ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ, ó parí. Kò sọ pé airflow sensor, èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, ti bàjẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sáré lọ rà.

Ohun tó wúlò ju kóòdù lọ ni fuel trim, ìyẹn iye epo tí brain box ń fi kún un tàbí tó ń yọ kúrò láti mú kí nǹkan dọ́gba. Bí ohun tó ń fi kún un bá jẹ́ 20 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ dúró sójú kan, tó wá sún mọ́ òdo nígbà tí RPM dé 2500, afẹ́fẹ́ ń yọ́ wọlé níbì kan lẹ́yìn airflow sensor. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń fà, nítorí náà ihò kékeré kan tó láti dà á láàmú. Tó bá ti ń sáré, ohun tó ń gba ihò yẹn wọlé kò já mọ́ nǹkan kan mọ́. Bó bá sì yí padà, tó dára nígbà tí ọkọ̀ dúró ṣùgbọ́n tó ń gòkè bí wọ́n ṣe ń tẹná, epo ni kò tó: pọ́ǹpù ti rẹ̀, fílítà ti dí, tàbí airflow sensor ti dọ̀tí. Mẹkáníìkì tó bá lè ka nǹkan yìí ti fi ọ̀pọ̀ owó oníbàárà rẹ̀ pamọ́.

Waya ẹ́ẹ̀tì ló yẹ kó gba àkókò jù lọ, torí òun ni wọ́n ń gbàgbé jù lọ. Orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì jókòó lé, rọ́bà kì í sì í gbé iná. Waya tó so bátìrì mọ́ ara ẹ́ńjìnnì àti mọ́ bọ́dì ọkọ̀ ni iná ń gbà padà. Nígbà tí wọ́n bá ń gbé ẹ́ńjìnnì àtijọ́ sọ̀kalẹ̀, wọ́n á tú u. Nígbà tí wọ́n bá ń dá òmíràn padà, ó lè há sábẹ́ gíà láìsí ẹni tó rí i, tàbí kí ọmọ iṣẹ́ dè é mọ́ ojú irin tí ọ̀dà bò. Ẹni tó bá tú bóòtù yẹn á rí i fúnra rẹ̀: ọ̀dà dúdú àti ìpẹtà ló wà níbi tó yẹ kí irin máa dán. Tí wọ́n bá fi sáńpépà fá a títí tó fi funfun, tí wọ́n sì dì í padà le dáadáa, gbígbọ̀n tó ti jẹ owó kọ́ìlì mẹ́rin lè dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mítà ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n ṣáájú. Kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí wọ́n tan iná iwájú àti AC, kí wọ́n wá fi ẹnu mítà kan kan orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, kí èkejì kan ara ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá ju 0.2 volt lọ, ẹ́ẹ̀tì kò dára. Volt kékeré ni ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ fi ń bá brain box sọ̀rọ̀. Bí ẹ́ẹ̀tì bá ti yẹ̀, irọ́ ni wọ́n á máa pa fún un, kóòdù á sì máa bọ̀ fún ohun tí kò ní àrùn kankan.

Ẹnu waya náà ní wàhálà tirẹ̀. Nínú Camry 2.4 tó ń lo ẹ́ńjìnnì 2AZ-FE, sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ní kọ́ìlì tirẹ̀, kò sì sí ìyàtọ̀ láàárín ẹnu waya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí téèpù tó dì wọ́n pọ̀ bá ti tú, ti sìlíńdà 2 lè bọ́ sórí 3, ti 3 á sì bọ́ sórí 2. Ìtẹ̀léra iná ẹ́ńjìnnì yìí jẹ́ 1-3-4-2. Pístìn 2 àti 3 jọ ń gòkè, wọ́n jọ ń sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀kan ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀, èéfín ni èkejì ń tì jáde. Tí waya kọ́ìlì wọn bá ti ṣe pàṣípààrọ̀, inú èéfín ni iná á máa ta sí, epo tó ń retí iná kò sì ní rí i. Sìlíńdà méjèèjì á dákẹ́, ẹ́ńjìnnì á máa fi méjì tó kù wọ́ ọkọ̀ lọ, òórùn epo tí kò jóná á máa ti ẹnu sàlẹ́ńsà jáde, P0302 àti P0303 á sì yọ pọ̀. Kọ́ìlì tuntun méjì kò lè yí nǹkan kan padà níbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ sìlíńdà kan ṣoṣo ló ń dààmú, kí wọ́n gbé kọ́ìlì rẹ̀ lọ sórí òmíràn. Bí kóòdù bá tẹ̀ lé kọ́ìlì, kọ́ìlì ló bàjẹ́. Bí kóòdù bá dúró síbi tó wà, kí wọ́n yẹ plọ́ọ̀gì, waya, nọ́sù àti sìlíńdà fúnra rẹ̀ wò. Ìdánwò yìí kì í gba kọ́bọ̀.

Afẹ́fẹ́ tó ń yọ́ wọlé tún pọ̀ ní ọ̀nà tó ń gbà. Hóòsì kékeré tó wà lẹ́yìn manifold, níbi tí ọwọ́ kì í fẹ́ dé, ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé láti so. Hóòsì búrẹ́ẹ̀kì náà lè sán. Gáskẹ́ẹ̀tì manifold tí wọ́n tú lára ẹ́ńjìnnì kan, tí wọ́n tún lẹ̀ mọ́ òmíràn, kì í jókòó dáadáa mọ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n fi ike ìfọ́nmi fọ́n omi díẹ̀díẹ̀ sí àwọn ìsopọ̀ yìí, kí wọ́n yẹra fún kọ́ìlì. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń gbà wọlé, omi á dí ihò náà fún ìgbà díẹ̀, ìró ẹ́ńjìnnì á sì yí padà kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ gbígbọ̀n rẹ̀. Àwọn kan ń fi bẹntiróòlù ṣe èyí. Ewu ńlá ni, kò yẹ kí ọ̀gá kankan gbà kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dán an wò lórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Kí wọ́n sì yẹ inú manifold wò fún àkísà: wọ́n máa ń fi dí ẹnu ihò nígbà iṣẹ́, ẹyọ kan sì lè kù sínú.

Ọ̀rọ̀ epo kò gùn. Ọkọ̀ tó ti dúró fún oṣù mélòó kan kó tó rí ẹ́ńjìnnì mìíràn ti ní epo àtijọ́ nínú tánkì, nọ́sù tòkunbọ̀ náà lè ti dì láti inú ọjà. Nínú Camry 2.4 yìí, kí ìwọ̀n agbára epo wà láàárín 44 sí 50 psi. Bí ó bá kéré, kí wọ́n wo pọ́ǹpù kí wọ́n tó fọwọ́ kan nọ́sù.

Bí gbogbo èyí bá dára tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń gbọ̀n, ìgbà yẹn ló tó kan ara ẹ́ńjìnnì gan-an. Kí wọ́n wọn kọ́ńpíréṣọ̀n. Lórí 2AZ-FE, kò gbọdọ̀ sí sìlíńdà tó kéré sí nǹkan bí 142 psi, ìyàtọ̀ láàárín wọn kò sì gbọdọ̀ ju 14 lọ. Bí ọ̀kan bá kéré, kí wọ́n kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú rẹ̀, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n: bó bá gòkè, ring pístìn ló ti jẹ, bí kò bá gòkè, fáàfù tàbí gáskẹ́ẹ̀tì top cylinder ni. Tí P0016 bá sì yọ, kí wọ́n ṣí iwájú ẹ́ńjìnnì kí wọ́n wo àmì ṣéènì táímìn. Àwọn 2AZ-FE ìbẹ̀rẹ̀ tún ní àìsàn tí wọ́n mọ̀ mọ́ wọn: ibi tí bóòtù top cylinder ti wọ inú bulọ́ọ̀kù alumíníọ̀mù lápá ẹ̀yìn máa ń já, omi radiétọ̀ á máa jò, ẹ́ńjìnnì á sì máa gbóná. Ó dára jù lọ kí wọ́n wọn kọ́ńpíréṣọ̀n kí ẹ́ńjìnnì tó wọnú ọkọ̀ rárá, torí ọjọ́ díẹ̀ ni àwọn tó ń tà á máa ń fún oníbàárà láti dán an wò. Ẹni tó bá fi ọjọ́ wọ̀nyẹn ra kọ́ìlì kò ní ẹnu mọ́ nígbà tó bá rí i pé ring ló jẹ.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í rò rárá, ìyẹn catalyst, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ lójú ọ̀nà sàlẹ́ńsà. Kí ló pa ẹ́ńjìnnì àtijọ́? Bó bá jẹ́ pé ó ń jẹ ọ́ìlì kó tó kú, ọ́ìlì yẹn ti bá èéfín lọ, ó sì lè ti dí catalyst. Ẹ́ńjìnnì tuntun á wá máa mí sínú ihò tó dí: á dúró dáadáa lójú kan, ṣùgbọ́n kò ní lè gun òkè, á sì máa gbóná. Kí wọ́n tú oxygen sensor iwájú, kí èéfín rí ọ̀nà jáde, kí wọ́n sì tẹná. Bí agbára bá padà dé, wọ́n ti rí i. Bó bá sì jẹ́ radiétọ̀ tó dí ló fi ooru pa ti àtijọ́, radiétọ̀ yẹn ṣì wà níwájú ọkọ̀, ó ń dúró de èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Lẹ́yìn àtúnṣe, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dájọ́ kíákíá. Yíyọ bátìrì ti pa ohun tí brain box kọ́ rẹ́, nítorí náà RPM lè má tíì jókòó dáadáa ní ọjọ́ kìíní. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná títí fáànù á fi ṣiṣẹ́, kí wọ́n tú afẹ́fẹ́ tó há sínú omi radiétọ̀ jáde, kí wọ́n wa ọkọ̀ ní ìlú àti ní ọ̀nà márosẹ̀, kí wọ́n wá tún so scanner pọ̀ láti wo fuel trim. Tí ó bá wà láàárín 10 sí òkè tàbí sí ìsàlẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, tí kóòdù kankan kò sì padà, iṣẹ́ náà parí. Ìwé ọkọ̀ ló kù, kí wọ́n lọ fi nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tuntun rọ́pò ti àtijọ́ ní ọ́fíìsì tó ń ṣe ìwé ọkọ̀.