Jẹ́lì abẹ́ ilẹ̀

Ẹ gbọ́ ná. Kànga epo tó bá ti gbó, omi ló ń tú jáde jù. Wọ́n á po pólímà àti kẹ́míkà tó ń mú un dì mọ́ omi, wọ́n á tì í wọlẹ̀. Á ṣàn bí omi ògì. Ooru abẹ́ ilẹ̀ á sọ ọ́ di ẹ̀kọ, á dí ọ̀nà omi. Ọgbọ́n gidi!

Wọ́n tún fẹ́ máa fi dí ibi tí CO2 tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lè gbà jò. Norway ti ń rì í sábẹ́ òkun ní Sleipner láti 1996. Irú ìpamọ́ yẹn gbọ́dọ̀ tó ẹgbẹ̀rún ọdún. Jẹ́lì tó dàgbà jù ò tíì pé ọgọ́rùn-ún. Ta ló máa ṣọ́ ọ nígbà tí iléeṣẹ́ epo bá ti kó ẹrù ẹ̀ lọ?